Táńkà Àkọ́kọ́ Ìyá Ọ̀pá

Lẹ́tà dẹ́pò wà lára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago gan-an. Ìyá Ọ̀pá fúnra rẹ̀ ló kàn án mọ́ ibẹ̀, kí òun má baà lè wo aago láìrí lẹ́tà. Ìlà mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbà á gẹ́gẹ́ bí alágbàtà dísù, epo tí àwọn ẹ̀rọ ńlá ń mu. Ó ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti wá olùrà kan tí yóò gba odindi táńkà kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lítà. Bí ọjọ́ náà bá pé tí táńkà kankan kò tíì jáde lórúkọ rẹ̀, wọn yóò yọ orúkọ náà kúrò nínú ìwé, kò sì ní lè padà wá béèrè títí ọdún mẹ́ta yóò fi kọjá. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń dún. Ó mọ ohun tí ọdún mẹ́ta túmọ̀ sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí à ń sọ yìí, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ ní dẹ́pò náà, níbi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sínú àwọn àgbá irin tó ga bí ilé alájà mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gun orí táńkà tó bá fẹ́ jáde, kí ó ki ọ̀pá onílà bọ inú rẹ̀, kí ó wo ibi tí epo dé, kí ó sì wò bóyá omi wà nísàlẹ̀. Tí kò bá fọwọ́ síwèé, awakọ̀ kankan kò ní gba géètì kọjá. Àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Ọ̀pá. Wọ́n rò pé àwọn ń bú u ni. Nígbà tó yá, dẹ́pò ra ẹ̀rọ tó ń ka epo fúnra rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn tó ń fi ọ̀pá wọn epo máa lọ sílé. Wọ́n fún un ní ìwé ìdúpẹ́ kan. Wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ nínú rẹ̀.

Ó jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún ó padà sí ẹnu géètì kan náà, ó gba fọ́ọ̀mù alágbàtà. Ètò rẹ̀ kò le: olùrà ni yóò sanwó tààrà fún dẹ́pò, tirẹ̀ ni kí ó wá olùrà náà rí, kí ó tẹ̀ lé epo dé ibẹ̀, kí ó sì gba èrè díẹ̀ lórí lítà kọ̀ọ̀kan. Ó rò ó pé kò ní ṣòro. Ta ni kì í lo dísù?

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ba ọgọ́rin ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́. Ọkùnrin náà máa ń kó oríṣi káàdì mẹ́ta sápò, kò sì sí ọ̀kan tó ń ṣe nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lórí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ mi," ló wí. "Epo táńkà kì í ṣe epo inú kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀gá pátápátá lẹ máa lọ bá, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì bọ́ sálúbàtà yẹn kúrò lẹ́sẹ̀. Ta ló fẹ́ ra ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lítà lọ́wọ́ sálúbàtà?"

Ó ra bàtà onígìgísẹ̀ kan fún un, ó sì bá a kọ lẹ́tà. Nínú lẹ́tà náà, ó pè é ní ẹni tó ní ìrírí tó jinlẹ̀ nínú ọ̀ràn agbára àti ìdàgbàsókè. Ìyá Ọ̀pá béèrè ìdí tí kò fi kọ ọ́ pé òun máa ń wọn epo.

"Irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń rẹ èèyàn sílẹ̀," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Wọ́n tẹ ẹ̀dà mẹ́rìnlélógún. Láàárín ọgọ́rin ọjọ́, ó pín mẹ́tàlélógún. Ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bíríkì, ó jókòó fún wákàtí mẹ́rin lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń kán omi sí i léjìká òsì, tí ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ń sọ fún un ní wákàtí wákàtí pé, "Mọ́mì, ọ̀gá ṣì wà nípàdé." Ọ̀gá náà gba iwájú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kejì, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n gba lẹ́tà rẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Nígbà tó padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó rí i lórí tábìlì, wọ́n ti gbé ife tíì lé e, àmì ìdí ife náà sì yí orúkọ rẹ̀ ká. Ní ilé ìtura kan, ọkùnrin kan tó so táì ní kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tó máa jẹ́ ti òun nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Ọ̀pá dìde. Ó gba lẹ́tà rẹ̀ padà kí ó tó jáde, ó sì fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì, nítorí pé owó ló fi tẹ̀ ẹ́.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó ka ara rẹ̀ sí èèyàn burúkú. Wọ́n délé, wọ́n jẹun, wọ́n sì sùn dáadáa.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ káfíńtà tó ń kan àga nínú àgbàlá ẹ̀yìn ilé. Kì í bi í ní ohun tí kò lè dáhùn.

"Mélòó lónìí?" ni yóò wí, láì gbé ojú kúrò lára pákó tó ń fá.

"Méjì."

"Ṣé wọ́n fún ẹ lómi?"

"Ọ̀kan fún mi."

"Ọ̀rọ̀ ti ń wọra nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á fún ẹ ní bisikíìtì." Yóò fẹ́ eruku pákó kúrò lójú iṣẹ́. "Ìwọ tó ò ń gun táńkà tẹ́lẹ̀, mi ò mọ ẹni tó ní kó o wá máa jókòó lórí àga olówó káàkiri. Bó bá jẹ́ àga lo fẹ́, mo ní."

Ní ọjọ́ Ẹtì náà, ó mú lẹ́tà kẹrìnlélógún lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bójú tó ohun rírà ló gbà á wọlé. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ó wo ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà náà, ó wo ìlà tó kẹ́yìn.

"Mọ́mì, a ti ní ẹni tó ń gbé dísù wá fún wa. A ó pè yín."

Kò béèrè nọ́ńbà tí òun yóò fi pè é.

Ìyá Ọ̀pá jáde sí àgbàlá ilé-iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ tutù, omi ń ṣàn láti abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yìnyín wọ inú gọ́tà. Ó ti ń lọ sí géètì nígbà tó gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Ó ń dún gìrìgìrì lẹ́yìn ilé, yóò sì já lójijì, bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, kí ó tó tún máa lọ. Ó gbójú sókè. Èéfín tó ń jáde lókè òrùlé funfun bí ẹ̀fun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ sí géètì mọ́.

Lẹ́yìn ilé, ọkùnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó tú fílítà tí ẹ̀rọ fi ń sẹ́ epo kalẹ̀ sórí ìwé ìròyìn. Bàbá Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè é. Òun ló ń mú kí iná wà kí yìnyín má baà yọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Omi wà nínú epo yín."

Ọkùnrin náà kò gbórí sókè. "Ẹ káàbọ̀, dókítà. Ta ló sọ fún yín?"

"Èéfín yín funfun. Ẹ́ńjìnnì yín sì ń já lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin."

Ó wá gbórí sókè. "Lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Ọjọ́ kẹta nìyí tí mo ti ń wí i nínú ọ́fíìsì. Wọ́n ní etí mi ló ti darúgbó."

Ó na fílítà sí i. Ìyá Ọ̀pá gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra ẹrẹ̀ dúdú tó wà lára rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹni tó ń gbé e wá, ṣé ó máa ń jẹ́ kí táńkà fìdí kalẹ̀ kí ẹ tó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́?"

"Fìdí kalẹ̀ kẹ̀? Awakọ̀ wọn kì í tilẹ̀ pa mọ́tò. Bó ṣe ń dé ló ń fa rọ́bà yọ láti tú epo."

"Ta ló wá ń fọwọ́ sí i pé epo dáa?"

"Èmi ni." Ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fi máa dé, epo tó kù nílẹ̀ kì í ju ti ọjọ́ kan lọ. Tí mo bá dá a padà, kí ni mo fẹ́ fi tan iná? Tí mi ò bá kọ orúkọ mi síbẹ̀, ọ́fíìsì ò lè sanwó fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn dá mi lójú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbé epo mìíràn wá kí n wò ó. Gbogbo ẹni tó bá ń ta epo, ọ́fíìsì ló ń gbà lọ. Wọ́n á wọ bàtà tó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀. Èmi á máa gbọ́ wọn láti ibí."

Ìyá Ọ̀pá wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá Ẹ́ńjìnnì náà wò ó.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni òun náà fi jẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ilé. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára ilẹ̀kùn kankan. Awakọ̀ tó bá jẹ́ òmùgọ̀ ló máa ń lọ bẹ mánijà. Èyí tó gbọ́n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wá, ní orí táńkà, nítorí pé ohun tí ọ̀pá bá sọ ni mánijà máa tẹ òǹtẹ̀ lé. Kò sí ẹni tó mọ èyí tó Ìyá Ọ̀pá lágbàáyé. Ó sì fi ọgọ́rin ọjọ́ wá ẹni tó ń fọwọ́ síwèé owó, ó gbàgbé pé ẹnì kan wà tó ń fọwọ́ síwèé epo. Ojú tì í. Ó bọ́ bàtà náà, ó kó o sínú àpò, ó dúró lórí ilẹ̀ tútù.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀kan wá. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wò ó. Tí kò bá dáa, ẹ dá a padà."

Bàbá Ẹ́ńjìnnì ronú díẹ̀. Ó dìde, ó mú fílítà náà lọ́wọ́, ó wọ inú ọ́fíìsì lọ, Ìyá Ọ̀pá tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Ó gbé fílítà náà, pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀, lé orí ìwé funfun tó wà níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ kí màmá yìí gbé táńkà kan wá."

"Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí?"

"Àwọn náà ni. Wọ́n gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì láti ẹnu géètì. Ẹ̀yin ń jókòó sí ọ́fíìsì yìí láti ọdún méjì, ẹ ò gbọ́ ọ."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà. Bóyá ó gbà nítorí ẹ́ńjìnnì ni o, bóyá ó kàn fẹ́ kí wọ́n gbé ìdọ̀tí yẹn kúrò lórí tábìlì òun ni, kò ṣe àlàyé. Ó ní kó gbé e wá ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kejìdínláàádọ́rùn-ún. Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ló tẹ̀ lé e, dẹ́pò kì í sì í ṣí lọ́jọ́ méjèèjì. Ìwé tí olùrà bá fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ padà dé dẹ́pò kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin. Táńkà tí wọ́n bá dá padà kò sí nínú kíkà.

Táńkà dé ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yàrá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí tirẹ̀ lókè. Ìyá Ọ̀pá bá awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ó wọ kóòtù, ó ti ń bọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ọ̀gá ohun rírà, lọ́wọ́.

"Màmá, kí n fa rọ́bà?" ni awakọ̀ wí.

"Pa mọ́tò."

"Kí la ń dúró dè?"

"Kí omi sọ̀kalẹ̀."

"Omi wo?"

"Tí kò bá sí, a ó mọ̀."

Wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Awakọ̀ wo aago. Àbúrò rẹ̀ wo aago. Bàbá Ẹ́ńjìnnì gbé àpótí rẹ̀ wá síbi òjìji, ó jókòó, ó ń wo Ìyá Ọ̀pá. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, Ìyá Ọ̀pá gun àkàsọ̀ ẹ̀yìn táńkà, orúnkún rẹ̀ ń dún lórí ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìkunra pa ìdí ọ̀pá, irú èyí tí epo kì í ṣe ní nǹkan kan àmọ́ tí omi ń sọ di pupa. Yàrá kìíní mọ́. Yàrá kejì mọ́. Nígbà tó fa ọ̀pá yọ nínú yàrá kẹta, ìdí rẹ̀ pupa, ó ga tó ìka méjì.

Ó béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Awakọ̀ gbà pé wọ́n fọ táńkà náà lánàá, bóyá wọn kò jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ̀rọ tí dẹ́pò fi rọ́pò Ìyá Ọ̀pá ti ka gbogbo lítà rẹ̀ pé pérépéré. Iye ló ń kà. Kò mọ omi.

Àbúrò rẹ̀ ti gun àkàsọ̀ dé ìdajì. "Kí lẹ rí?"

"Omi. Ìka méjì."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Àgbá tiwọn tóbi, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ nu ọ̀pá yẹn, ká máa tú epo. Aago méjì ti ń lù lọ."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Àgbá wọn tóbi. Bó bá nu ọ̀pá náà, ìwé á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bó bá sọ ọ́, wọ́n lè dá táńkà padà, kí ọdún mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ó wo ìsàlẹ̀. Bàbá Ẹ́ńjìnnì kò wo ọ̀pá rárá. Ojú Ìyá Ọ̀pá ló ń wò. Òun náà ti máa ń wo ojú àwọn awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti dá ọ̀pọ̀ wọn padà nítorí ìka kan.

"Sọ̀kalẹ̀ níwájú mi," ló wí fún àbúrò rẹ̀.

Ó gbé ọ̀pá náà ní ìbú, kí àmì má baà parẹ́, ó gbé e lọ bá Bàbá Ẹ́ńjìnnì lábẹ́ òjìji.

"Yàrá kìíní mọ́. Yàrá kejì mọ́. Omi wà nínú yàrá kẹta, ìka méjì."

Ọ̀gá ohun rírà sún mọ́ wọn. "Mọ́mì, epo tiyín náà ní omi?"

"Ó ní. Màá fà á jáde níṣojú yín láti ìsàlẹ̀, títí ọ̀pá ò fi ní pupa mọ́. Ohun tó bá kù lẹ ó sanwó rẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo Bàbá Ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn wò ó. Ó gba ọ̀pá náà, ó wò ó, ó fi ọwọ́ kan ibi tó pupa, ó tún dá a padà fún un.

"Ẹ fà á," ló wí.

Wọ́n to kẹ́ẹ̀gì onílítà ọgbọ̀n sábẹ́ ẹnu ìsàlẹ̀ táńkà. Omi ló kún kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́. Èkejì dà bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lọ, èyí tó kẹ́yìn kò kún tán kí epo gidi tó jáde, ó ń dán, a lè kàwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá Ọ̀pá tún gun òkè. Ọ̀pá kò pupa. Ó sọ̀kalẹ̀, ó mú bírò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síwèé pé àádọ́fà lítà dín.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì bu epo sínú ìgò funfun kan, ó gbé e lé orí fẹ́ǹsì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi wò ó. Lẹ́yìn náà ó wá awò ojú rẹ̀ lápò òsì, ó wá a lápò ọ̀tún, ó rí i lórí irun ara rẹ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ síwèé, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gba epo níbí," ló wí fún ọ̀gá ohun rírà. "Ẹni àkọ́kọ́ tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé omi wà nínú epo òun nìyí. Kí wọ́n máa gbé e wá lọ́sẹ̀ méjì méjì." Ó yíjú sí awakọ̀. "Ìwọ náà, máa jẹ́ kí táńkà rẹ gbẹ."

Nígbà tí epo tuntun dé inú jẹnẹrétọ̀, èéfín funfun náà ń dín kù, títí ó fi parẹ́. Ìyá Ọ̀pá ti wà níwájú táńkà nígbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ láti ojú fèrèsé títí wọ́n fi jáde ní géètì. Ẹ́ńjìnnì náà kò já rárá.

Wọ́n dé dẹ́pò ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Akọ̀wé kò wo ojú rẹ̀. Ó tẹ òǹtẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá, ó sì ṣì í kọ. Ìyá Ọ̀pá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ìlà sí i, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó sì dá bírò padà. Nígbà tó jáde síta ló tó mọ̀ pé láti àárọ̀ ni òun ti ń mí èémí kúkúrú. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó mí dáadáa.

Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó parí, àbúrò rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ẹbí pé òun lòun mú ẹ̀gbọ́n òun mọ ilé-iṣẹ́ yìnyín. Ìyá Ọ̀pá kò bá a jà. Ó di bàtà onígìgísẹ̀ náà sínú páálí, ó fi ránṣẹ́ sí i, kò sì gba ìmọ̀ràn kankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an, ẹ̀yìn ilé ló gbà wọlé. Ọkọ rẹ̀ ń fi ìwé oníyanrìn ha ẹsẹ̀ àga kan.

"Mélòó lónìí?"

"Ọ̀kan."

Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ dúró. "Ṣé wọ́n fún ẹ lómi?"

"Èmi ni mo fún wọn. Àádọ́fà lítà."

Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó yọ lẹ́tà kúrò lára ògiri. Aago nìkan ló kù níbẹ̀. Nígbà tó padà síta, Ìyá Ọ̀pá ti jókòó sórí àga tí ọkọ rẹ̀ kò tíì kùn, ó na orúnkún méjèèjì gbọọrọ síwájú, ó sì ti sùn lọ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́.